Ọjọ́ Márùn-ún Pẹ̀lú Ìwé Epo: Láti Bẹ́gà dé Àkúrẹ́ àti Padà

Ọjọ́ Ajé, 10 oṣù Ẹrẹ́nà 2025: Ọjọ́dú sí Ìbàdàn

Aago márùn-ún àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí mo dé ilé epo tí mo máa ń lò nítòsí Bẹ́gà, èmi sì ni ẹnì kẹta lórí ìlà. Pátákó wọn kọ 860. Nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún tó kọjá, náírà 998 ni ilé epo NNPC ń ta lítà kan ní Èkó, àwọn aládàáni mìíràn sì ti kọjá 1,000. Ìdí nìyí tí 860 fi wá dà bí ẹ̀bùn lójú ẹni tí ó bá ti gbàgbé pé, kí Ààrẹ Tinubu tó kéde ní ọjọ́ 29 oṣù Èbíbí 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà kan kò tíì tó 200 ní ilé epo NNPC yìí kan náà.

Ọmọbìnrin tí ó ń ta epo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ wo òdo, sà." Mo wo òdo. Epo ń wọlé, òǹkà ń sáré, títí ẹnu pọ́ǹpù fi dún kọ́í tí ó sì dákẹ́ lórí lítà 41.3, owó rẹ̀ sì jẹ́ 35,518.

"Ṣé kí n sọ ọ́ di 36,000, sà?"

"Rárá, jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀. O ṣeun."

Ó wò mí bí ẹni tí kò ní ṣéńjì, bẹ́ẹ̀ sì ni káàdì ni mo fẹ́ fi sanwó. Ohun tí mo ń sá fún ni pé, lẹ́yìn tí pọ́ǹpù bá ti dákẹ́ fúnra rẹ̀, epo tí wọ́n bá tún ń fún mọ́ ọn kì í sábà rí àyè nínú tánkì. Ó lè dà sílẹ̀, ó sì lè wọ inú àpò kékeré tí ọkọ̀ fi ń gba òórùn epo, kí ó sì bà á jẹ́. Lékè gbogbo rẹ̀, ìró kọ́í yẹn ni òṣùwọ̀n mi fún ìrìn-àjò yìí. Mo kún tánkì títí ó fi dún, mo dá òǹkà kìlómítà padà sí òdo, bí mo bá sì tún kún un níbòmíràn títí ó fi dún, iye lítà tí ó wọlé ni iye tí ọkọ̀ mu lójú ọ̀nà. Kìlómítà tí a bá fi lítà pín ni yóò sọ bí ọkọ̀ ṣe ń jẹun. Ìwé pélébé kan àti bírò kan wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀ mi fún iṣẹ́ yìí nìkan.

Corolla ọdún 2010 ni ọkọ̀ náà, lítà 50 sì ni tánkì rẹ̀ ń gbà. Páálí ìwé ìkọ̀wé 14 ni mo kó sẹ́yìn fún àwọn oníbàárà ní Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà àti Àkúrẹ́, gbogbo rẹ̀ sì tó ìwọ̀n àgbàlagbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Bí ẹrù bá fi nǹkan bí kílò 45 lé sí i, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ni epo tí ọkọ̀ bíi tèmi ń mu fi ń pọ̀ sí i, nítorí náà mo mọ̀ pé ọjọ́ òní ni yóò nira jù lọ fún un.

Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ nípa ọ̀nà. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ díẹ̀ wà ní Kàrá, lẹ́yìn Mówe gbogbo wa tẹ iná, èmi náà sì sáré 110, nígbà mìíràn 120, nítorí pé mo fẹ́ kí àkọsílẹ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní jẹ́ ti bí mo ṣe máa ń wakọ̀ gan-an, kì í ṣe ti ẹni tí ó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Ní Ìbàdàn, ilé epo tí mo yà sí kọ 870: ní ìparí oṣù Èrèlé ni àwọn tí wọ́n ń ta epo Dangote kéde 860 fún Èkó àti 870 fún ìyókù ìwọ̀-oòrùn gúúsù, wọ́n sì dúró lórí ọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín. Kìlómítà 128, lítà 12.6, náírà 10,962. Lítà kan gbé mi rin kìlómítà mẹ́wàá àti díẹ̀. Mo retí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 oṣù Ẹrẹ́nà: Ìbàdàn

Dùgbẹ̀, Mọ́kọ́lá, Bódìjà, páálí mẹ́fà jáde. Nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ Mọ́kọ́lá, mo pa ẹ́ńjìnnì nígbà tí a dúró fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá lójú kan náà, ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi sì fọn fèrè bí ẹni pé mo ti kú. Ẹ́ńjìnnì tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdúró pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù lè mu lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín wákàtí kan láì rin ẹsẹ̀ bàtà kan. Bí ìdúró bá ti máa ju ìṣẹ́jú kan lọ, pípa á sàn ju jíjẹ́ kí ó máa kùn lọ, epo tí a fi ń tún un tan kò sì tó nǹkan nínú ọkọ̀ òde òní.

Lẹ́yìn Mọ́kọ́lá ni mo yà sọ́dọ̀ fọkanáísà kan, bàbá àgbàlagbà tí ó fi agboòrùn ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù bo ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rẹ̀. Ó wọn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ka iye rẹ̀ sókè bí ẹni tí ń ka owó: 24, 25, 22, 26. Sítíkà tí ó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi sọ pé 32 ni.

"Ọ̀gá, ìgbà wo ni ẹ ti wọ̀n ọ́n kẹ́yìn?"

"Ó ti pẹ́, bàbá. Ẹ bá mi fún gbogbo wọn ní 32."

"Táyà tí kò lẹ́mìí ni ó ń bá yín mu epo yẹn o. Kí ẹ sì máa ra epo láàárọ̀ kùtùkùtù. Bí oòrùn bá ti mú, epo á wú, afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń tà fún yín."

Ìdajì ọ̀rọ̀ bàbá jẹ́ òótọ́ gidi. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ní láti fi agbára púpọ̀ sí i yí i. Ohun tí ó ń gbà lọ́wọ́ ẹni kò tó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò, bóyá ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ní ti èmi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ kò wọ́n, táyà fúnra rẹ̀ ni ó sì wọ́n. Ìdajì kejì ni n kò gbà. Lóòótọ́ ni epo ń wú nínú ooru, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni wọ́n ri tánkì ilé epo mọ́, oòrùn ọ̀sán kò sì tètè dé ibẹ̀. Àǹfààní àárọ̀ kùtùkùtù ni pé ìlà kì í gùn. N kò bá bàbá jiyàn. Mo san owó afẹ́fẹ́, mo dúpẹ́.

Nírọ̀lẹ́ mo tún kún tánkì ní ilé epo àná: kìlómítà 46, lítà 5.9, náírà 5,133. Kìlómítà mẹ́jọ kò pé fún lítà kan nínú ìgboro. Ẹ wo bí ìyàtọ̀ ṣe pọ̀ tó láàárín ọ̀nà màrosẹ̀ àti Mọ́kọ́lá. Kò sí ilé epo kan tí ó lè dín owó rẹ̀ kù tó bẹ́ẹ̀ fún mi.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà ni mo sùn. Ààwẹ̀ Ràmádáánì ti wọ ọjọ́ kọkànlá, a jọ ṣínu pẹ̀lú ẹ̀kọ àti àkàrà, n kò sì mọ bí ọ̀rọ̀ epo ṣe wọlé. Ẹ̀gbọ́n ní gbogbo Sátidé ni àwọn máa ń lọ ra epo ní Mọ́níyà, nítorí pé ilé epo kan níbẹ̀ ń ta á ní 860, kò dà bí 870 ti ìhín. Lítà 30 ni wọ́n máa ń rà. Mo fa ìwé mi yọ. Náírà mẹ́wàá lórí lítà 30 jẹ́ 300 náírà. Àlọ àti àbọ̀ Bódìjà sí Mọ́níyà kò lè dín ní kìlómítà 20, bí ọkọ̀ wọn bá sì ń mu epo bíi tèmi nínú ìgboro, lítà méjì ààbọ̀ ti lọ, ìyẹn náírà 2,175.

"Ẹ̀gbọ́n, nítorí 300 ni ẹ ṣe ń ná 2,000 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

Wọ́n jẹ ẹ̀kọ wọn tán kí wọ́n tó dá mi lóhùn. "Ta ní sọ fún ọ pé epo nìkan ni mò ń rà ní Mọ́níyà? Iṣu tí mò ń rà níbẹ̀ ni ó ń san owó yẹn padà."

Mo pa ìwé mi dé.

Ọjọ́rú, 12 oṣù Ẹrẹ́nà: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà

Lónìí mo ṣe ìpinnu pé n kò ní kọjá 85, ibi yòówù kí ọ̀nà dára dé. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Aṣéjirẹ́ sí Ìkirè yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé kòtò ti pinnu fún mi tẹ́lẹ̀. Wàhálà kòtò kì í ṣe táyà nìkan: gbogbo ìgbà tí a bá tẹ búréèkì, epo tí a ti sun láti fi dé eré yẹn ti ṣòfò, a ó sì tún sun òmíràn láti padà síbẹ̀. Nítorí náà, dípò kí n sáré dé ẹnu kòtò kí n sì tẹ búréèkì, mo ń wo iwájú jìnnà, mo ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná láti òkèèrè, mo ń jẹ́ kí ọkọ̀ máa bọ̀ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ bọ́ọ̀sì méjì yà mí sílẹ̀ lẹ́yìn Aṣéjirẹ́ pẹ̀lú ariwo ńlá. Mo bá àwọn méjèèjì ní Ìkirè.

Ohun tí mo ń kọ sílẹ̀ lónìí jẹ́ iye tí ó wà lórí pátákó ju ohun mìíràn lọ. Ìkirè, 885. Ifẹ̀, 890, àti ẹyọ kan tí ó kọ 875 tí ìlà rẹ̀ gùn dé títì. Iléṣà, 895. Bí a bá ṣe ń jìnnà sí Èkó ni owó ń gòkè, ó sì yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé láti ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí tàbí láti àwọn ibùdó epo Àpápá ni ọkọ̀ tánkà ti ń gbé e wá, àwọn tánkà náà sì ń mu dísù, wọ́n ń fọ́ táyà, wọ́n sì ń sanwó lójú ọ̀nà. Ìgbà kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Láti 1975 ni ìjọba ti dá àpò kan sílẹ̀ tí ó ń san owó ìkẹ́rù padà fún àwọn oníṣòwò epo, kí iye kan náà lè wà ní Èkó àti ní Màídúgùrí. Lórí ìwé, a jẹ́ ọ̀kan; lójú títì, ẹni tí ó jìnnà mọ̀ pé iye orí pátákó kọ́ ni òun ń san nígbà gbogbo. Òfin epo ti 2021 da àpò náà pọ̀ mọ́ NMDPRA, àjọ ìjọba tí ó ń ṣe àbójútó ọjà epo, láti ìgbà tí ìjọba sì ti jáwọ́ nínú dídá iye kan lé epo, àfo tí àpò náà ń dí ti hàn síta.

Páálí márùn-ún jáde lónìí, mẹ́ta ló kù. N kò ra epo. Ọwọ́ gééjì ṣì ga, mo sì fẹ́ kí kìlómítà pọ̀ díẹ̀ kí n tó tún wọ̀n ọ́n, torí pé bí epo tí a ń wọ̀n bá kéré, àṣìṣe díẹ̀ nínú ìró kọ́í lè yí gbogbo ìṣirò po.

Ọjọ́bọ̀, 13 oṣù Ẹrẹ́nà: Iléṣà sí Àkúrẹ́

Láti Iléṣà, ọ̀nà gba ẹ̀gbẹ́ òkè Ẹrin, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọ̀wẹ́nà àti Ìgbàrà-Òkè. Mo gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń wa takisí ní Iléṣà títí dé Ìpetu, nítorí pé ọkọ̀ tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ níbì kan, ó na ọwọ́ sí jíà mi.

"Ẹ fi sí fírì, ẹ̀gbọ́n. Kò ní mu epo kankan títí dé ìsàlẹ̀."

Mo gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ìmọ̀ràn yẹn bá ọkọ̀ àwọn bàbá wa mu, èyí tí ó ń lo kabúrétọ̀. Nínú ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń fún ní epo, bí a bá fi jíà sílẹ̀ bí ó ṣe wà tí a sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, táyà fúnra rẹ̀ ni yóò máa yí ẹ́ńjìnnì, kọ̀ǹpútà yóò sì gé epo kúrò pátápátá títí eré yóò fi wálẹ̀. Bí a bá fi sí fírì, ẹ́ńjìnnì ní láti máa mu epo díẹ̀díẹ̀ kí ó má baà kú. Ẹni tí ó fi sí fírì ń ná epo láti dín agbára ìdádúró ọkọ̀ rẹ̀ kù lórí òkè. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà gbọ́, ó mi orí, ṣùgbọ́n mo rí i lójú rẹ̀ pé bí ó bá gba ọkọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ mẹkáníìkì, fírì náà ni yóò padà sí.

Ọ̀ràn ọjọ́ òní ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí mo já páálí tó kù sílẹ̀. Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, mo rí ilé epo tí pátákó rẹ̀ kọ 865 láàárín àwọn tí wọ́n ń ta á ní 890. Mo yà. Òǹkà mi wà lórí kìlómítà 235 láti Ìbàdàn, ọwọ́ gééjì sì wà lókè ìdajì dáadáa. Ọmọkùnrin tí ó ń ta epo kò sọ fún mi pé kí n wo òdo, ṣùgbọ́n mo wò ó, òdo ni. Epo wọlé, ó pẹ́, ó pẹ́ sí i, kí ó tó dún kọ́í. Lítà 23.4. Náírà 20,241.

Mo jókòó sínú ọkọ̀, mo sì tún un ṣírò. Tánkì tí ó ń gba lítà 50, tí ọwọ́ gééjì rẹ̀ wà lókè ìdajì dáadáa, báwo ni yóò ṣe gba 23.4? Ọkọ̀ tí mo ti ń fi sùúrù wà láti àná, tí ẹrù rẹ̀ sì ti fúyẹ́, báwo ni yóò ṣe padà sí kìlómítà mẹ́wàá fún lítà kan, iye tí ó rìn lọ́jọ́ Ajé nígbà tí mo ń sáré 120 pẹ̀lú páálí 14? Mo sọ̀kalẹ̀, mo béèrè ẹni tí ó ń ṣe àbójútó ibẹ̀.

Ọkùnrin kan jáde láti inú yàrá kékeré. Mo kí i, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a fi garawa òṣùwọ̀n wọn wo pọ́ǹpù náà. Irú garawa onírin yìí, tí ó ń gba lítà mẹ́wàá géérégé tí ó sì ní àmì ní ọrùn, ni a fi ń mọ̀ bóyá mẹ́wàá tí pọ́ǹpù kà jẹ́ mẹ́wàá lóòótọ́; òun ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba náà fi ń dán wọn wò kí wọ́n tó fi èdìdì sé ilé epo tí ó bá ń rẹ́ni jẹ.

"Wọ́n ti gbé e lọ sí ọ́fíìsì àgbà, ọ̀gá."

"Láti ìgbà wo?"

"Kò tíì pẹ́."

"Ṣé yóò padà dé lónìí?"

Ó wo ọ̀nà bí ẹni pé garawa náà lè máa bọ̀ lórí ọ̀kadà. "Ẹ lè padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ó ṣeé ṣe kí kọ́í pọ́ǹpù kan yàtọ̀ sí ti òmíràn pẹ̀lú lítà kan, bóyá kan ààbọ̀. N kò fẹ́ parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni, nítorí náà mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kí n dúró de ìṣirò ọ̀la kí n tó pè é ní olè.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 oṣù Ẹrẹ́nà: Àkúrẹ́, Oǹdó, Ọ̀rẹ̀, Èkó

Bọ́ọ̀tù ṣófo, táyà wà lórí 32, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́. Láti Oǹdó dé Ọ̀rẹ̀ mo fi gíláàsì sílẹ̀, mo pa ẹ̀rọ amúlétutù nítorí pé ọ̀nà kò jẹ́ kí ènìyàn sáré. Láti Ọ̀rẹ̀ síwájú, níbi tí mo ti lè máa bá 85 lọ, mo ti gíláàsì, mo sì tan ẹ̀rọ náà, torí pé bí eré bá ti pọ̀, atẹ́gùn tí ó ń gba ojú fèrèsé wọlé náà ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn.

Ní Ọ̀rẹ̀, tánkà tò ní ẹ̀gbẹ́ títì bí ìlà ẹni tí ń dìbò. Ibùdó ìkó-epo-sí ti ìjọba wà ní ìlú yìí, páìpù tí ó so Wárì, Bìní àti Mósímì lẹ́bàá Ṣágámù pọ̀ ni wọ́n sì ṣe é fún. Bí epo bá ń gba inú páìpù yẹn wá bí wọ́n ṣe gbèrò rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tánkà wọ̀nyí kò ní ohun tí wọ́n ń wá níhìn-ín. Pátákó, 880.

Lẹ́yìn Ṣágámù, mo dúró mu omi, mo sì bá awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tí ó ti sọ ọkọ̀ rẹ̀ di ti gáàsì CNG sọ̀rọ̀. Ó ní owó gáàsì kò sún mọ́ ti bẹntiróòlù rárá, òun kò sì ní padà sẹ́yìn láéláé. Ìgbà tí mo béèrè nípa ìlà, ó fi ọwọ́ pa orí. Ibi tí wọ́n ti ń fa gáàsì náà kò tíì pọ̀, ìgbà mìíràn ilẹ̀ á mọ́ bá òun lórí ìlà, sílíńdà sì ti gba ìdajì àyè ẹrù. Fún ẹni tí ó ń ná Èkó sí Ìbàdàn lójoojúmọ́, mo rò pé ó tọ́. Fún èmi tí mò ń kó páálí lọ sí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, n kò tíì rí i.

Kàrá dì wá mú fún ogójì ìṣẹ́jú. Ní aago mẹ́fà ku díẹ̀ mo dé ilé epo ọjọ́ Ajé, ní ojú pọ́ǹpù kan náà. Ọmọbìnrin náà dá mi mọ̀.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́, sà. Ẹ wo òdo, sà." Nígbà tí ó sì dún kọ́í, "Mo mọ̀, sà. Kí ó wà bẹ́ẹ̀."

Kìlómítà 302. Lítà 24.0. Náírà 20,640. Mo pín in: kìlómítà 12.6 fún lítà kan, pẹ̀lú ogójì ìṣẹ́jú Kàrá nínú rẹ̀. Mo ṣí ojú ìwé Ọjọ́bọ̀, mo sì fi 12.6 pín 235: nǹkan bí lítà 18.7 ni ọkọ̀ náà lè ti mu láti Ìbàdàn, 23.4 ni wọ́n sì gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Lítà tí pátákó wọn pè ní 865 ti di ohun tí ó lé ní 1,080, nígbà tí àwọn tí mo kọjá nítorí pé wọ́n ń ta á ní 890 jókòó síbẹ̀. Mo fa ìlà sábẹ́ orúkọ ilé epo náà, mo sì kọ ọ̀rọ̀ tí mo dá dúró lánàá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n láti inú ọkọ̀ láti sọ pé mo ti dé. Wọ́n béèrè iye tí wọ́n ń ta epo ní Bẹ́gà.

"860, ẹ̀gbọ́n."

"Ti Mọ́níyà náà nìyẹn. Ọ̀la Sátidé, mò ń lọ."

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi ra iṣu márùn-ún.